Mo Lọ Tọrọ Ibi Sàréè fún Bàbá Mi ní Ìlá

Ẹ̀yin ará Tàmálè tí ẹ ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí mo ti dé, tí ẹ ń bi mí pé báwo ni ilé, mo ti rẹ́rìn-ín fún yín tó. Mo ti ní ilé dára, a dúpẹ́. Irọ́ ni. Ilé kò dára. Ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe rí fún yín, kí ẹni tó bá tún fẹ́ lọ mọ ohun tó ń lọ bá.

Ẹ mọ bàbá mi, Sámúẹ́lì ọmọ Jékọ́ọ̀bù Tẹ́lọ̀. Tàmálè ní Gánà yìí ni wọ́n bí wọn sí, ibí ni wọ́n ti gbó. Síbẹ̀, nígbà tí ara wọn kò le mọ́, wọ́n pe èmi Dèbórà, àkọ́bí wọn, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí wọ́n sin àwọn bí àlejò.

"Ilé bàbá mi wà ní Ìlá," wọ́n ní. "Lọ bá wọn níbẹ̀. Má tọrọ ilẹ̀ oko, má tọrọ yàrá. Ibi tí wọ́n á gbẹ́ sàréè mi sí nìkan ni kí o bá mi tọrọ."

Ohun tí a mọ̀ nípa Ìlá kò pọ̀. Bàbá bàbá mi kú nígbà tí bàbá mi ṣì ń rákò. Jékọ́ọ̀bù tí gbogbo ayé ń pè é, orúkọ ìrìbọmi ni, ibí ló ti gbà á. Ìyàwó rẹ̀, tí a ń pè ní Ìyá Ìlá, ló tọ́ bàbá mi dàgbà, ẹnu rẹ̀ nìkan la sì ti gbọ́ ìtàn ilé. Ó ní Ajíṣefínní ni ọkọ òun nígbà tí àwọn wà nílé, ọkọ náà sì ni àkọ́bí ilé wọn. Ó ní Eyínfúnjowó ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Adúmáadán ni àbúrò wọn obìnrin, Bàbá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni bàbá tó bí gbogbo wọn. A kọ́ orúkọ wọ̀nyí sórí bí a ṣe kọ́ orúkọ àwọn àpọ́sítélì. Bí ọdún bá yí po, bàbá mi á dárúkọ wọn nínú àdúrà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òkè-Ìlá

Ẹ jẹ́ kí n fo ti ọ̀nà. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti ibí dé Nàìjíríà rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò wọ̀ ọ́ rí kò ní gbà mí gbọ́.

Ìlá méjì ló wà. Ìyá Ìlá kò sọ ìyẹn fún wa. Mọ́tò tó gbé mi já mi sílẹ̀ ní Òkè-Ìlá, mo sì rò pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni mo gbọ́ tí obìnrin méjì ń bá ara wọn jiyàn nídìí ẹ̀rọ omi, ohùn Ìyá Ìlá sì ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn, bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń gé e. Ní Tàmálè, a rò pé àìléyín ló ń mú ìyá náà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì máa ń sín in jẹ. Àṣé èdè ìlú rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ kéékèèké ń fi ṣeré níbẹ̀. Mo dúró pẹ̀lú ẹrù lórí, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Mo rò pé mo ti délé.

N kò ní purọ́ mọ́ wọn ní Òkè-Ìlá, wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Obìnrin tíṣà kan tí mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn síbòmíràn. Ó gún iyán fún mi, ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tì í, ó sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, nítorí pé àlejò kì í dá jẹun nílé òun. Lówùúrọ̀, ó mú mi lọ bá àwọn ìyá àgbà ilé wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo tún ìró mi ró, mo sì ka àwọn bàbá ńlá mi sílẹ̀ fún wọn: Ajíṣefínní, Eyínfúnjowó, Adúmáadán, Bàbá Ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àwọn ìyá náà wo ara wọn. Ni ọ̀kan nínú wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ́ ọ lórúkọ wọ̀nyí, ọmọ mi?"

"Ìyá bàbá mi ni, mà."

"Ṣé ọmọ ilé ni wọ́n, àbí ìyàwó ilé?"

"Ìyàwó ni wọ́n, mà."

"Háà! Ìyàwó á sì wá máa pe orúkọ ọkọ? Orúkọ tó fi ń ṣàpọ́nlé wọn ló sọ fún ọ. Èyí tí eyín rẹ̀ funfun, èyí tó dúdú tó ń dán, èyí tó fẹ́ràn aṣọ. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n nìyẹn."

"Adúmáadán mẹ́ta ló wà nínú agbo ilé tiwa níhìn-ín," ìyá kejì ní, ó ń fi etí ìró nu ojú. "Èwo lo fẹ́ nínú wọn?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà rí i pé ara mi bù máṣọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn ìyàwó ń pe orúkọ ọkọ wọn gbangba lójú ọjà. Àṣà yẹn ti kú mọ́ wa lọ́wọ́ tipẹ́. Kò sí ẹni tó rò ó pé Ìyá Ìlá ṣì ń pa á mọ́, òun nìkan, láàárín àjòjì, níbi tí ìyá ọkọ kan kò ti lè gbọ́ ọ kó bá a wí. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti bí sílé kó tó wọ̀ ọ́, títí kan ọmọ ọwọ́, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ tàbí àwọn ìyáálé rẹ̀ fún wọn ló ń pè wọ́n. Ó bọ̀wọ̀ fún ilé ọkọ títí ó fi gbé orúkọ wọn wọ sàréè. Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà. Ìyá tí mo fẹ́ràn jù láyé ni, mo sì bínú sí i títí mo fi kúrò ní Òkè-Ìlá.

Òkété

Àwọn ìyá wọ̀nyẹn ló ní kí n lọ wò ó ní Ìlá Ọ̀ràngún, nítorí ibẹ̀ làwọn tó ń rin ìrìn-àjò Gánà pọ̀ sí láyé ìgbà kan. Mo gun ọ̀kadà lọ. Ìlú ńlá ni, ó ní ọjà, ó ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹlẹ́mu ń gbé kèǹgbè kọjá lówùúrọ̀. Èèyàn ibẹ̀ mọ èèyàn kí. Wọ́n á kí ọ, wọ́n á kí ọ̀nà tí o gbà wá, wọ́n á kí àwọn tí o fi sílẹ̀ nílé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá béèrè pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Gbogbo wọn ló ń béèrè rẹ̀. Ọlọ́kadà béèrè, ìyá tó ń ta búrẹ́dì béèrè, pásítọ̀ tí mo bá ṣe ìsìn béèrè. Mo máa ń dáhùn pé ọmọ Ìlá ni mí, wọ́n á sì máa retí pé kí n sọ ìyókù. Bí n kò bá rí nǹkan kan sọ, wọ́n á rọra ní, "Ẹ̀ẹ́n, ará Gánà."

Ní Tàmálè, Àlátà, àlejò láti Nàìjíríà, la jẹ́. Mo dé Ìlá, mo di ará Gánà. Ẹ bá mi wá ìlú tí wọ́n á ti pe irú wa ní onílé.

Ilé oúnjẹ kan ni ọ̀nà ti là fún mi. Obìnrin tó ni ín bu ọbẹ̀ fún mi, ẹran ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀, mo sì béèrè irú ẹran tó jẹ́. Ó ní òkété ni. Mo dá a padà.

"Ẹ má bínú, mà, ilé wa kì í jẹ òkété."

Ó dúró, ìgbákọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ilé yín níbo?"

"Ibẹ̀ gan-an ni mò ń wá."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò fẹ́ràn òkété, ṣùgbọ́n agbo ilé kan ṣoṣo ni òun mọ̀ ní ìlú náà tó jẹ́ pé èèwọ̀ ni fún wọn. Ó ní bí ọmọ wọn bá fi ẹnu kàn án, ètè rẹ̀ á wú. Mo rántí bí ètè bàbá mi ṣe wú nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn kan tàn wọ́n jẹ ẹ́ lóko, tí a rò pé wọn ò ní yè é. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo dì mọ́ obìnrin náà. Ó júwe ilé náà fún mi, lẹ́yìn ọjà. N kò ní dárúkọ ilé náà síbí. Wọ́n mọ ara wọn.

Baálé

Wọ́n gbà mí dáadáa. Èyí ló ń dùn mí jù títí di òní. Bí wọ́n bá ti lé mi lẹ́nu ọ̀nà, ì bá yé mi.

Baálé ilé náà jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àgbàlagbà tó mọ́ tónítóní, awò wà lójú wọn. Wọ́n ní kí wọ́n fún mi ní àga, wọ́n ní kí wọ́n bu omi fún mi, wọ́n kí bàbá mi tí ara wọn kò yá. Àwọn ọkùnrin ilé jókòó yí wọn ká. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Mo sọ ti òkété. Mo sọ ti Ajíṣefínní àkọ́bí tó mú ìyàwó rẹ̀ rin ìrìn-àjò tí kò padà wálé. Mo sì kúnlẹ̀, mo ní bàbá mi kò béèrè ju ibi sàréè lọ.

Baálé yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n ní àwọn á fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí ìyàwó ń pe ọkọ kò tó láti fi mọ ọmọ. Wọ́n ní kí n dárúkọ bàbá bàbá mi gan-an. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

"Tóò. Ní ti èmi, n kò gbọ́ ọ rí pé ẹnikẹ́ni lọ sí Gánà láti ilé yìí," wọ́n ní. Wọ́n yíjú sí àwọn tó jókòó. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ rí?"

Wọn ò gbọ́ ọ rí. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọlé, béèrè bóyá ilẹ̀ ni mo wá gbà. Ó ní àwọn mọ irú wa, pé ibi sàréè la máa ń kọ́kọ́ tọrọ. Baálé bá a wí pé kó má sọ̀rọ̀ sí àlejò bẹ́ẹ̀. Àlejò ni wọ́n pè mí. Wọ́n gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á jẹ́ kí n rí àwọn èèyàn mi, gbogbo wọn sì ṣe àmín.

Ẹ̀yìnkùlé

Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni mo bá jáde, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n rí mi bí mo ṣe ń sunkún. Ìyá arúgbó kan jókòó sí abẹ́ ìbòòji, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ti darúgbó gan-an. Ó pè mí.

"Ìwọ obìnrin yìí, mo gbọ́ ohùn rẹ láti inú ilé. Ta ló sọ ti Ajíṣefínní fún ọ?"

Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ìyá náà gbé àwo ẹ̀gúsí kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Àwọn ìyáálé mi tí mo bá nílé yìí máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀," ó ní. "Wọ́n ní kò sí ọkùnrin tó mọ aṣọ lò bí i tirẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jáde, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìkòkò títí ìyá náà fi kú. Òun ni ẹ̀gbọ́n Eyínfúnjowó. Eyínfúnjowó ló sì bí Akọ̀wé tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ níwájú lẹ́ẹ̀kan."

Akọ̀wé ló ń pe baálé, nítorí ọmọ iléèwé ni baálé nígbà tí wọ́n gbé ìyá náà wọlé ní ìyàwó. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ orúkọ Ajíṣefínní fún mi, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an.

Ó mi orí. "N kò lè pè é."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ó ti kú. Gbogbo wọn ló ti kú."

"Ọkọ mi ṣì ni. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, orúkọ ọmọ ilé tí mo bá nílé kò jáde lẹ́nu mi. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìgbà tí mo fẹ́ kú ni n ó bẹ̀rẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó kọ̀. Nígbà tó rí i pé mo fẹ́ jókòó sílẹ̀ láti sunkún, ó fa etí mi mọ́ra.

"Ẹ padà síwájú, kí ẹ bi Akọ̀wé léèrè orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Eyínfúnjowó kò wálé mọ́, orúkọ ẹ̀gbọ́n náà ló fi sọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin."

Ó wá bi mí bóyá bàbá mi ni àkọ́bí. Mo ní àwọn nìkan ni ọmọ. Ó béèrè bóyá wọ́n ti bí wọn kó tó di pé òun wọlé ọkọ, a ṣírò rẹ̀, a rí i pé wọ́n ti bí wọn. Mo fẹ́ dárúkọ wọn, ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Ẹ má sọ ọ́ fún mi. Ọ̀nàjìn ni n ó máa pè é. Ọkọ mi, ẹ bá mi kí Ọ̀nàjìn. Ẹ ní ìyàwó rẹ̀ ní Ìlá ń kí i."

Ó ń pe èmi obìnrin ní ọkọ rẹ̀, nítorí pé ọmọ ilé ni mí. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ìyá tó tó bí mi lọ́mọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ká mọ́. Mo dì í mú, àwa méjèèjì sì sunkún. Ní gbogbo Ìlá, òun nìkan ló kà mí sí ọmọ ilé.

Mo padà síwájú

Àwọn ọkùnrin ṣì jókòó. N kò kúnlẹ̀ mọ́.

"Bàbá, kí ni orúkọ yín?"

Ẹni tó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ ló fi ìgbéraga dáhùn pé, "Oyèrìndé ni bàbá wa. Ta ni kò mọ̀ wọ́n nílùú yìí?"

"Ta ni wọ́n fi orúkọ náà rántí?"

Baálé ní kí àwọn ìyókù bọ́ síta. Nígbà tó ku àwa méjì, ó yọ awò ojú. Ẹ má bínú tí mo bá ń sọ "ó" fún àgbàlagbà láti ibí lọ. Mo ti gbìyànjú láti sọ "wọ́n", ó kọ̀, kò jáde.

"Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí o ti ń kúnlẹ̀," ó ní. "Ojú àbúrò bàbá mi obìnrin ló wà lójú rẹ."

"Kí ló wá dé?"

"A ti pín ilẹ̀, àwọn ọmọ mi ti kọ́lé sórí ibi tó yẹ kó jẹ́ ti bàbá rẹ. Bàbá rẹ ni ọmọ àkọ́bí, ó sì jù mí lọ. Àga tí mo jókòó lé yìí, tirẹ̀ ni. Bí mo bá ní kí wọ́n gbẹ́ sàréè rẹ̀ síbí, kí ni n ó sọ fún àwọn ọmọ mi? Lọ́la, ẹ̀yin náà á máa bọ̀ wá wo sàréè bàbá yín. Lọ́túnla, ẹ ó ní kí la ṣe sí ìpín rẹ̀."

Mo búra fún un pé a kò fẹ́ ilẹ̀. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ni bàbá mi bí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí tíṣà ń ṣàlàyé ìṣirò fún ọmọ tí orí rẹ̀ kò pé. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rí i pé ó dùn ún, n kò sì káàánú rẹ̀.

"Kí ni kí n wá sọ fún bàbá mi?"

Ó tún awò ojú rẹ̀ wọ̀.

"Sọ fún un pé o kò rí wa."

Tàmálè

Mo rò ó ní gbogbo ọ̀nà pé bóyá irọ́ ni n ó pa. Bàbá mi ti darúgbó, kí ni mo fẹ́ fi òtítọ́ ṣe fún wọn? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé, wọ́n ti ní kí wọ́n gbé àwọn jókòó, kí wọ́n wọ agbádá fún àwọn, bí ẹni tó ń retí àlejò pàtàkì. N kò lè purọ́ fún wọn.

Mo sọ orúkọ bàbá wọn fún wọn. Oyèrìndé. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́ta, bí ọmọdé tó ń kọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ti ń pe eyín funfun àti aṣọ dídára nínú àdúrà láti ọjọ́ yìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí lójú.

"Ta ló ní kí o kí mi?"

"Ìyàwó yín kan ni, bàbá. Ìyá arúgbó kan. Ó ń pè yín ní Ọ̀nàjìn."

"Ẹ̀ẹ́n. Àwọn ọmọ ilé ńkọ́?"

Mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Wọ́n fi ọwọ́ lé mi lórí.

"Ìyàwó nìkan," wọ́n ní. "Ó dára. Ẹ sin mí sí ẹ̀gbẹ́ ìyá mi níbí. Ìyàwó ilé wọn lòun náà."

Wọ́n ní kí a bọ́ agbádá náà lára àwọn. Wọn kò béèrè nǹkan kan nípa Ìlá mọ́.